Mọ́tò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Kun

Bwari ni ilé mi wà, ní ọ̀nà tó lọ sí ẹsẹ̀ òkè, kò sì jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn lọ́yà. Ẹyẹ ẹtù mẹ́tàdínlógún ló tò sórí ògiri iwájú ilé náà, irin ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà máa ń dúró ya fọ́tò wọn. Àwọn tó bá gbọ́ Yorùbá nínú wọn á kí mi, wọ́n á bi mí pé ṣé èmi ni mo ṣe é, níbo ni mo ti kọ́ ọ, àti pé ṣé èèyàn lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta yẹn ni wọ́n máa ń fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, ní kí n yéé dá ọmọ ọlọ́mọ dúró sínú oòrùn, pé bí ọ̀rọ̀ mi bá pọ̀ tó báyẹn, kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti jókòó báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù.

Pánẹ́bítà ni mí. Mọ́tò tó bá fara gbá, tí irin ara rẹ̀ wọlé tàbí tó ká kò, àwa là ń nà án títí á fi padà sí bó ṣe wà. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe é. Bí mo ṣe dédìí iṣẹ́ náà kò gùn: ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń bá wọn mọ ilé ìjọba nígbà tí Àbújá ṣì ń di ìlú ló mú mi wá láti Kàbbà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ru búlọ́ọ̀kù bíi tàwọn, wọ́n sì fà mí lé Ọ̀gá Múfú lọ́wọ́ ní Utako. Ní ti owó, mo jẹun, mo sì rán ọmọ mẹ́rin lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ owó tán nìyẹn.

Ọ̀gá Múfú ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, èèyàn kúkurú tó máa ń dé fìlà funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dúdú, tí wọ́n á sì ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí fìlà náà kò ní ní àbàwọ́n kankan. Ọdún méje ni mo lò lọ́dọ̀ wọn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é di òní. Wọn kì í pariwo. Ẹni tí wọ́n bá wò lẹ́ẹ̀kan ló máa ń fẹ́ kí wọ́n kúkú pariwo.

Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan hámà. Iṣẹ́ mi ni kí n di dọ́lì mú lẹ́yìn páànù nígbà tí àwọn bá ń lu iwájú rẹ̀. Irin wúwo ni dọ́lì, òun ló ń gba ẹrù hámà lẹ́yìn kí páànù má baà ya. Bí ọwọ́ mi bá yẹ̀ díẹ̀, ìka mi ni yóò gbà á, Ọ̀gá kò sì ní bẹ̀ mí. Wọ́n á kàn béèrè pé ṣé mo ti mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ mi wà báyìí. Mo mọ̀ ọ́n kíákíá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ojú dídì dé. Bí wọ́n bá lu ilẹ̀kùn tàbí fẹ́ńdà kan tán, wọ́n á pè mí, wọ́n á ní kí n di ojú, kí n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́, kí n sì máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí irin náà. Wọ́n á wá ní, "Kí lo rí?" Nígbà àkọ́kọ́, mo ní mi ò rí nǹkan kan, Ọ̀gá, ojú mi dì. Wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ní kì í ṣe ojú mi làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Ó tó ọdún kan kí n tó rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ọ̀gá, nǹkan kan yọ níbí, kò tó èékánná." Wọn ò yìn mí. Wọ́n kàn na hámà ọwọ́ wọn sí mi pé kí n lù ú wọlé. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọn ò tún jẹ́ kí agolo pọ́tì wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Pọ́tì ni ohun bí ẹrẹ̀ tí àwọn tó ń kánjú fi ń dí kòtò ara mọ́tò, tí wọ́n á fi ọ̀dà bò ó, tí ẹni tó ni mọ́tò á máa dúpẹ́ títí òjò ọdún kejì á fi rọ̀ tí gbogbo rẹ̀ á ṣí dànù. Ọ̀gá Múfú ní ẹni tó bá fi pọ́tì ṣiṣẹ́ kò tíì ṣiṣẹ́, ó kàn fọgbọ́n sá ni.

Òfin wọn tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kun ilé, ọ̀dà ni gbogbo èèyàn máa rò. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kun ẹran, ọ̀bẹ ni. Létí, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dún. Iṣẹ́ méjèèjì la sì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa. Mọ́tò tó bá ti kú pátápátá, a máa ń tú u sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń wá ẹ̀yà ara rẹ̀, kíkun ni Ọ̀gá sì ń pè é. Wọ́n ní bí alápatà gidi ṣe ń ṣe màlúù ni: kì í kàn ṣá nǹkan, oríkèé ló ń fi ọ̀bẹ wá. Àwa náà, ojú ibi tí wọ́n ti so páànù kan mọ́ ìkejì la gbọ́dọ̀ wá, ká tú u níbẹ̀. Nítorí náà, wọ́n fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀dà. Wọ́n ní, "Òkú la ń kun níbí. Èyí tó bá wà láàyè, fínfín là ń fín in."

Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ká kun ilẹ̀kùn mọ́tò Alhaji?" Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn náà kí n sì bẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti rin, níwájú àwọn awakọ̀ tó ń ti gáréèjì bọ̀, mo ní, "Ilẹ̀kùn, ẹ má bínú." Ọ̀gá dẹ etí sí ilẹ̀kùn náà, wọ́n ní ó ti gbọ́. Odindi oṣù kan làwọn awakọ̀ yẹn fi ń bi mí pé báwo ni ilẹ̀kùn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé àṣejù ti wọ iṣẹ́ ọkùnrin yìí.

Nígbà tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, hámà tí wọ́n kọ́kọ́ nà sí mi yẹn ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, wọ́n padà sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, mo gba òfin wọn pẹ̀lú, àní èyí tí mo pè ní àṣejù.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òkúta kábáìdì là ń rẹ sínú omi nínú àgbá, kí gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ lè fún wa ní iná tí a fi ń jó irin. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ ní òórùn yẹn lòun fi mọ̀ mí kí òun tó mọ orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ni sílíńdà dé, ẹ̀rọ oníná tó ń tú wáyà tín-ín-rín jáde fúnra rẹ̀ náà sì dé, tí èèyàn lè fi jó páànù láìjẹ́ pé ó ká. Ẹ̀rọ yẹn dára, mi ò ní torí pé mo ti dàgbà kí n bú u. Ohun tí inú mi kò dùn sí ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ odindi fẹ́ńdà dànù tí wọ́n á lọ ra òmíràn. Àwọn tó ń wá kọ́ṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tú bóòtù, ṣùgbọ́n wọn ò mọ irin.

Ẹni tó mọ irin lọ́dọ̀ mi ni Dáúdà. Ọmọ Bida ni, Núpé ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ó sì ń bá àwọn ará gáréèjì sọ Hausa. Ó ti níyàwó, ó ti bímọ, kó tó wá bá mi. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, mo lè sọ ọ́ báyìí tí mi ò bá a du oníbàárà mọ́. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́, inú ṣọ́ọ̀bù wa ló ti kọ́ ọ. Ó mọ orúkọ irinṣẹ́ gbogbo, ó mọ bí a ṣe ń fọgbọ́n bú oníbàárà tí kò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ má bi í ní orúkọ ẹ̀fọ́ kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì ni Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí gbé mọ́tò wọn wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti ṣe ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń gbé ní Life Camp. Mọ́tò náà jẹ́ sípọ́ọ̀tì káà àtijọ́, oníjòkòó méjì, tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ ní Èkó. Nígbà tí ìjọba kó wọn wá sí Àbújá, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó àga àti fìríìjì, àwọn wa mọ́tò yẹn wá. Ó ti dógùn-ún, ó ti fara gbá lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, mi ò fẹ́ gbé e kúrò mọ́. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọra wọlé, ó tún rọra jáde kó tó dé orí táyà, èèyàn kò sì lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mi ò mọ òyìnbó tó kọ́kọ́ ya páànù yẹn, ṣùgbọ́n mo kí i lọ́kàn mi.

Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi. Dókítà ojú ti sọ fún wọn pé ojú wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ṣe sí i. Wọ́n fẹ́ kí n na ara mọ́tò náà, kí n fín ọ̀dà pupa tó ní tẹ́lẹ̀ sí i, kí wọ́n lè tún rí i bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Délé, mi ò ní kí ẹ kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́."

A kò pẹ́. A yọ ẹ́ńjìnnì, a yọ gíláàsì, a ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, a sì na gbogbo ara rẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan tí ọwọ́ mi lè rí. Ibì kan ṣoṣo la fi sílẹ̀, kòtò kékeré kan lórí òrùlé. Máńgòrò ló já lù ú. Tóyìn, ọmọ wọn obìnrin, ló sọ òkò sí máńgòrò náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá rẹ̀ sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kòtò yẹn. Ó wá ku ọ̀dà nìkan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá ìyàwó mi kú. A lọ sí Kàbbà, mo sì wà láàárín àwọn àna mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ń tún ilé olóògbé ṣe de ìsìnkú, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé ẹ kun ibí, ẹ kun ọ̀hún, ta ni yóò kun wíńdò. Àárín ariwo yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí pè mí pé àwọn ń bọ̀ ní Sátidé. Mo pe Dáúdà lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Dáúdà, bá mi kun mọ́tò kékeré yẹn kí n tó dé."

Ó ní, "Ọ̀gá, èyí kékeré?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó tètè bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀. Má fi ibì kankan sílẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí. Mo máa ń rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí.

Ọ̀sán Fúráídè ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Dáúdà dìde, ó fi Hausa kí mi káàbọ̀, ó ní, "Sannu da zuwa, Ọ̀gá," ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Mo rò pé ikú àna mi ló ń bá mi kẹ́dùn. Mo bojú wo abẹ́ igi dóńgóyárò níbi tí mọ́tò náà máa ń wà, mo rí tapólì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Fẹ́ńdà méjèèjì wà lórí rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, páànù ẹ̀yìn, òrùlé, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ mọ́tò náà nìkan ló dá dúró lórí òkúta.

Mo jókòó sórí táyà kan. Mo bi í pé ta ló ní kó ṣe èyí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Ẹ ní kí n kun ún. Ó dùn mí o, mo bi yín, ẹ ní gbogbo ẹ̀." Mo wá gbọ́ ohùn ara mi lọ́kàn, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an lórí fóònù. Dáúdà kò tíì gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kun nǹkan pẹ̀lú ọ̀dà. Ní gbogbo ọdún tó fi gbọ́ Yorùbá, òkú mọ́tò nìkan là ń kun.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká ti pé jọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú Dáúdà, wọ́n ní kò gbọ́ èdè, wọ́n ní àwọn ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní purọ́ fún yín, mo dákẹ́. Ó tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi dákẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí orúkọ mi má bà jẹ́ lẹ́yìn ogójì ọdún. Dáúdà kàn ń wò mí. Ojú yẹn ni mi ò lè gbà. Mo dìde, mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe." Ìtìjú bá mi pé ó pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí dé pẹ̀lú Tóyìn, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé kì í ṣe àwọn nìkan ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, mo ń bẹ mọ́tò náà pẹ̀lú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tóyìn kò tiẹ̀ rí ibi tí àṣìṣe wà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n, sà, kun is kun now." Bàbá rẹ̀ ti lọ síbi tapólì. Wọ́n ń rìn láti orí páànù kan dé òmíràn, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn gan-an kí wọ́n tó lè rí i. Mo ní mo máa wá irú mọ́tò náà káàkiri, kódà bó bá gba kí n ta ilẹ̀ mi.

Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ òmíràn. Ṣé ẹ lè tò ó padà?"

Mo wo Dáúdà. Dáúdà bẹ̀rẹ̀ mọ́ fẹ́ńdà kan, ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ fún mi. Kò ya, kò jó, gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ra ló ti tú u, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Ọ̀gá Múfú ṣe kọ́ mi tí mo fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Òrùlé nìkan ló fi gáàsì gé, torí kò ní oríkèé. Ẹni tó rò pé òkú lòun ń gé, tó ṣì fi gbogbo ọkàn gé e dáadáa, ẹ bá mi wá irú rẹ̀. Mo ní, "A lè tò ó, sà. Ṣùgbọ́n yóò pẹ́."

Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú wọn. Wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀.

Mo fa ṣọ́ọ̀bù lé Dáúdà lọ́wọ́, mo kó mọ́tò náà lọ sí Bwari, mo sì kọ́ àtíbàbà sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún mẹ́ta ló gbà. Ìsinmi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè ní ìfẹ̀yìntì, mi ò rí i. Dáúdà ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù bá tì, a ó jọ jó ojú kan, a ó lù ú, a ó fi ọwọ́ wá a, a ó tún lù ú. Ìsopọ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì tí a ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Pọ́tì kò wọ ibẹ̀.

Òrùlé kò ṣeé dá padà. Iná gáàsì ti jẹ etí rẹ̀, bí mo bá fi agídí jó o, gbogbo rẹ̀ ni yóò ká. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí, mo ní bí wọ́n bá gbà, mo fẹ́ sọ mọ́tò náà di aláìlórùlé. Wọ́n ní kí n ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú mi. Mo rẹ gíláàsì iwájú sílẹ̀ díẹ̀. Mo wá na páànù ẹ̀yìn sókè sí méjì lẹ́yìn àga méjèèjì, kó yọ bí òkè kékeré lẹ́yìn ọrùn ẹni tó bá jókòó, kó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí mọ́tò. Kò sí àwòrán tí mo wò ṣe é. Hámà Ọ̀gá Múfú ni mo fi lu gbogbo rẹ̀. Nígbà tó jáde bó ṣe wà lọ́kàn mi, mo ní kí Ìyá Bọ́sẹ̀ wá wò ó, ó ní ó dára, mo tún ní kó wá wò ó láti ìhà kejì.

Oṣooṣù ni Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí ń pè mí. Lọ́dún kìíní, àwọn fúnra wọn ló ń tẹ nọ́ńbà. Lọ́dún kejì, Tóyìn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kẹta, wọn ò béèrè mọ́ pé ọjọ́ wo ni yóò parí.

Àwọn ẹtù yẹn wá nípa pé mi ò lè da àjẹkù irin mọ́tò náà nù. Bí mo bá gé etí páànù kan, mo máa ń wò ó pé ara mọ́tò ọlọ́mọ́tò ni, mo sì máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ kan mo ká ọ̀kan kó yí po, mo jó sípánà àtijọ́ méjì mọ́ ọn ní ẹsẹ̀, ó dúró bí ẹtù tó fẹ́ sá. Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ó jọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣe òmíràn. Nígbà tí àjẹkù irin mọ́tò náà tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin mọ́tò míì ṣe é, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá rà á. Ẹtù kan ṣoṣo ni mo fi òrùlé ṣe, ìyẹn kì í ṣe títà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Tóyìn mú bàbá rẹ̀ wá; Dáúdà ti ti ṣọ́ọ̀bù nítorí wọn, ó sì wà lọ́dọ̀ mi. Ó di wọ́n lọ́wọ́ mú láti ẹnu géètì. Mọ́tò náà dúró nínú àtíbàbà, mo ti dá ẹ́ńjìnnì padà, ó ń dún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì jẹ́ irin lásán. Mo ti ra ọ̀dà pupa, mo ní kí eruku ọyẹ́ kọ́kọ́ lọ. Mo gbé ọwọ́ wọn lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sún sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láti imú lọ sí ẹ̀gbẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí ó jáde lẹ́nu mi, àṣà ogójì ọdún ni. Mo ní, "Kí lẹ rí, sà?"

Tóyìn wò mí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn.

Wọ́n ní, "Mo rí imú ẹ̀. Bó ṣe gùn náà ni." Wọ́n sún síwájú. "Mo rí ibi tí ẹ ti rán an. Ẹ rán an níbí. Ẹ tún rán an níbí."

Mo ní mo ti gbìyànjú kó má hàn. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n dé ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti kan òrùlé, ọwọ́ wọn sì dúró sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n mọ̀ pé mo yọ ọ́, mo ti sọ fún wọn, síbẹ̀ ojú wọn yí padà. Mo sáré gbé ẹtù yẹn wá, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ wá orí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn rẹ̀, àtàǹpàkò wọn bọ́ sínú kòtò kékeré kan, ó sì dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní, "Tóyìn, òkò rẹ rè é."

Tóyìn bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò sì bìkítà ẹni tó rí mi. Dáúdà yíjú sí ògiri.

Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́, wọ́n béèrè ọ̀dà. Mo ní ó wà nílẹ̀, pupa ni, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí eruku bá ti lọ ni mo máa… Mo dúró níbẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa lò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Délé, ẹ má kùn ún. Ẹ má sì fín in. Tí ẹ bá fi ọ̀dà bò ó, kí ni mo fẹ́ máa fọwọ́ rí?"

Bí wọ́n ṣe gbé e lọ nìyẹn, irin lásán, tí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ wà níta. Ní Sátidé ìparí oṣù, Tóyìn máa ń fi í gbé wọn wá sí Bwari kí n fi epo pa ara rẹ̀ kó má baà dógùn-ún. Àwọn ọlọ́kadà máa ń bi wọ́n lójú ọ̀nà pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kun mọ́tò arẹwà yìí. Tóyìn ní bàbá òun máa ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wọn sọ.

Ẹ bi mí pé ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ yìí jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó wá Dáúdà lọ sí Utako, kò sí ọwọ́ tó dára ju tirẹ̀ lọ ní gbogbo Àbújá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń bi èèyàn ní ìbéèrè báyìí, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ní ti agolo ọ̀dà pupa yẹn, ó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé mọ́tò yẹn wá fún lọ́jọ́ kìíní, mi ò tíì ṣe é di òní.